Bí Mọ̀dínátù Ṣe Kọ́ Físíìsì ní Ìkọ̀tún

Ní apá ibi tí Mọ̀dínátù ń gbé ní Ìjẹ̀gùn, bí ọmọ kan bá ń sá fún abẹ́rẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Ìyá Hamdalah wá. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Kí ọmọ náà tó rántí pé òun fẹ́ ké, Mọ̀dínátù ti yọ abẹ́rẹ́, ó ti fi òwú tẹ ojú rẹ̀, ó sì ti ń bi í pé kí ló jẹ lọ́sàn-án.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èkó ló ti pàdé Abdulsobur ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣe wẹ́dà, tó ń jó irin géètì àti irin ojú fèrèsé létí títì Ìjẹ̀gùn. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Hamdalah àti Mùíz. Ọsibítù aládàáni kékeré kan ní Ìgàndó ni Mọ̀dínátù ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ó mọ egbò í wẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń wá iṣan lápá ọmọ ọwọ́. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìṣirò, ẹ̀yìn ló ń sún sí, àwọn tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ á bọ́ síwájú. Ó ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ ka á sí nǹkan mọ́.

Àfi lọ́dún 2008, lọ́jọ́ tí páìpù epo gbiná ní Ìjẹ̀gùn. Àwọn tó fojú rí ọjọ́ náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa náà ò ní fà á gùn. Mọ̀dínátù wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé tí iná ti jó lẹ́sẹ̀. Mọ̀dínátù ló rí iṣan rẹ̀, òun ló so okùn dírípù mọ́ ọn. Dókítà wo ojú iná náà, ó ní:

"Ó máa tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ara ẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ ò lè ju ọgọ́ta kílò lọ. Ẹ bá mi ṣírò omi tó máa gbà, kíá!"

Mọ̀dínátù ló sún mọ́ dókítà jù. Ó la ẹnu, kò rí ohun kankan sọ. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá náà ni Àǹtí Cecilia, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ti dáhùn: "Mẹ́rin lọ́nà ọgọ́ta, lọ́nà ogún. Lítà márùn-ún ni, ó dín díẹ̀. Ìdajì ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́."

Ọmọbìnrin náà yè. Ẹnikẹ́ni kò bá Mọ̀dínátù wí, bóyá ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dún lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́, ó sì ń dún nígbà tó ń lọ sílé: ká ní èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ ńkọ́?

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dúró de Cecilia títí tó fi jẹun ọ̀sán tán.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì?"

Cecilia wò ó. "Ṣé ìwọ ni àbí o ń bi mí fún ẹlòmíràn?"

"Èmi ni, mà."

"Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Kírẹ́díìtì ni gbogbo ẹ̀ o. Mélòó lo ní níbẹ̀?"

"Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, mà. Kíláàsì áàtì ni mo ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kẹ́mísìrì àti físíìsì, mi ò fimú gbóòórùn wọn rí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

Cecilia nu ọwọ́ rẹ̀. "Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ. Lọ, jàre."

Ó sọ ọ́ fún Abdulsobur. Kì í ṣe ẹni tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n kí ìyàwó òun má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa dá jókòó sílé. Mọ̀dínátù ní ìyá Báyọ̀dé tí ilé wọn kọjú sí ara wọn á máa bá òun fojú sí wọn. Báyìí ni wọ́n fi í sí.

Ẹni tó ń kọ́ni ní lẹ́sìnnì tó dára jù nígbà náà ní Ìkọ̀tún ni Gideon Ọdẹ́tọ́lá. Kẹ́mísìrì ló kà ní yunifásítì, ó ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì tíì rí i. Ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, àwọn aláṣọ funfun, ni wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: bàtà kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Nítorí náà, bí o bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí iléèwé bá ti jáde, tàbí lọ́jọ́ Sátidé, wàá rí bàtà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tò sẹ́bàá ògiri, ìró ẹsẹ̀ lásán nìkan ni wàá sì máa gbọ́ lórí sìmẹ́ǹtì.

Mọ̀dínátù dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ lórí aṣọ iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìyá ẹnì kan ló wá fẹjọ́ ọmọ sùn. Wọ́n ń wo ara wọn láti mọ ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn, tó sì yọ báírò jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Gideon kọ ìbéèrè kan sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tú u: bọ́dì kan tó wọn kílò méjì já bọ́ láti orí ilé gíga, ó lo ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó kanlẹ̀. Báwo ni ilé náà ṣe ga tó?

"Yéè!" ni Mọ̀dínátù ké, kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ síta. "Kílò méjì? Ọmọ tuntun nìyẹn! Ta ló jù ú sílẹ̀?"

Gbọ̀ngàn náà dàrú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n rín in títí tí àwọn kan fi sùn sórí tábìlì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Súmbọ̀, tó jókòó nítòsí rẹ̀ gan-an, ń fi ọwọ́ nu omijé. Ojú ti Mọ̀dínátù débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀.

Gideon kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ̀yin ẹ ti mú nǹkan kílò méjì lọ́wọ́ rí, ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. Ta ni nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tó lè sọ bẹ́ẹ̀?" Ó tọ́ka sí ojú pátákó. "Ní físíìsì, ohunkóhun tó bá ti ní ìwọ̀n ni wọ́n ń pè ní bọ́dì. Ó lè jẹ́ bíríkì, ó lè jẹ́ iṣu. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín: kílò méjì tí wọ́n fún wa yẹn, a ò ní lò ó rárá. Bí bíríkì ńlá àti bíríkì kékeré bá jọ já bọ́, wọ́n á jọ kanlẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣèdánwò máa ń fún èèyàn ní ohun tí kò nílò, láti mọ̀ bóyá ó lóye." Ó ṣe ìṣirò náà lójú wọn, ilé náà sì ga ní ogún mítà.

Nígbà tí wọ́n jáde, Súmbọ̀ sáré bá Mọ̀dínátù níbi tó ti ń wá bàtà. "Ẹ má bínú, Mummy. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni." Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìjẹ̀gùn lòun náà ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ sílé.

Kẹ́mísìrì kò bá Mọ̀dínátù jà tó bí ó ṣe rò. Nígbà tí Gideon dé orí móòlù, òǹkà tí wọ́n fi ń ka àwọn ohun tín-ín-tìn-ín ní kẹ́mísìrì, tí gbogbo kíláàsì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn, ó ní kí wọ́n ronú nípa kíréètì ẹyin. Ẹyin adìyẹ tó kún kíréètì jẹ́ ọgbọ̀n. Ẹyin awó tó kún kíréètì náà jẹ́ ọgbọ̀n. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n kò wọn bákan náà. "Móòlù náà, kíréètì ni. Ohun tí kò ṣeé fojú rí ni wọ́n tò sínú ẹ̀, iye tó sì gbà pọ̀ kọjá ohun tí ẹnu ń pè." Awó tí ìyá Mọ̀dínátù ń sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé sí i lára bí omi. Lọ́sẹ̀ kejì ó béèrè bóyá èèyàn lè ṣírò iye móòlù iyọ̀ tó wà nínú lítà omi dírípù kan. Wọ́n jọ ṣe é níbẹ̀: gíráàmù mẹ́sàn-án iyọ̀, wọ́n fi ìwọ̀n móòlù iyọ̀ kan pín in. Gideon fúnra rẹ̀ ní òun ò tíì fi omi dírípù kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ kan ó kọ́ wọn pé kì í ṣe epo pẹtiróòlù gan-an ló ń kọ́kọ́ jó, bí kò ṣe atẹ́gùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde tí ojú kò lè rí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó lè rìn jìnnà kó tó pàdé iná. Súmbọ̀ na ọwọ́. "Tíṣà, ṣé ìdí nìyẹn tí iná Ìjẹ̀gùn fi ká àwọn tí kò sún mọ́ páìpù mọ́?" Gideon ní bẹ́ẹ̀ ni. Mọ̀dínátù di ọwọ́ Súmbọ̀ mú lábẹ́ tábìlì.

Físíìsì ló yàtọ̀. Mọ̀dínátù há gbogbo fọ́múlà sórí bí ẹni há súrà. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná, Hamdalah tó wà ní àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá sì lè kà wọ́n láìwojú ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ìbéèrè, kò ní mọ èyí tí yóò mú. Á kàn mú ọ̀kan, bí ẹni tó bọwọ́ sínú àpò tó mú ohun tó kọ́kọ́ kàn án lọ́wọ́.

Ó ṣe ìdánwò kẹ́mísìrì àti físíìsì náà ní ìparí ọdún 2009. Kírẹ́díìtì ló ní nínú kẹ́mísìrì. Nínú físíìsì, ó fìdí rẹmi pátápátá.

Ó tọ́jọ́ mélòó kan tí kò fi dé lẹ́sìnnì. Súmbọ̀, tí ilé-ìwé gíga ti gbà ní tirẹ̀, ló wá sí ilé wọn wá sọ fún un pé Tíṣà ń béèrè rẹ̀. Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé.

"Ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe ṣe ìbéèrè nípa ọkọ̀ tó wá nínú ìdánwò yẹn," ni Gideon wí, ó gbé ìwé ìbéèrè náà síwájú rẹ̀.

Mọ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́múlà. Gideon gbọ́wọ́ sókè.

"Ìyá Hamdalah, bí aláìsàn bá wọlé, ṣé oògùn lẹ kọ́kọ́ máa ń gbé fún un?"

"Rárá o. A máa kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń ṣe é. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Fọ́múlà ni oògùn. Ẹ ti ń gbé oògùn fún aláìsàn tẹ́ ò bi léèrè. Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ kọ fọ́múlà kankan títí ẹ ó fi sọ ìtàn ìbéèrè náà fún mi tán, ní Yorùbá. Ta ló ń lọ? Ibo ló ti gbéra? Kí ni wọ́n sọ fún wa? Kí ni wọ́n fi pamọ́?"

Mọ̀dínátù jókòó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé fún nínú yàrá tó ti ń mí héléhélé. Ó fa ìbéèrè náà sún mọ́ra, ó tún un kà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó di pé gbogbo ìbéèrè ló ní orúkọ àdúgbò àti orúkọ èèyàn. Omi tó ń hó nínú kẹ́tùrù di ti ìyá arúgbó kan tó ń se ògì. Ẹni tó ń fa ẹrù sókè pẹ̀lú okùn di bíríkìlà ní Ìgàndó. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí tí sípíríìtì fi máa ń tutù lára ju omi lọ, kò dúró kí Gideon parí ọ̀rọ̀: ó ti ń fi í pa ojú ibi abẹ́rẹ́ láti ọdún mélòó kan wá, ó mọ̀ pé kíá ló ń gbẹ, kò kàn mọ̀ pé ooru ara aláìsàn ló ń gbé lọ bó ti ń gbẹ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò rín in. Wọ́n ń sọ pé kí Mummy sọ ìtàn ìbéèrè náà kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ burúkú dé etí Abdulsobur. Ìyá Báyọ̀dé ló lọ sí Ìkọ̀tún tó rí Mọ̀dínátù tó ń bọ́ bàtà ní ẹnu géètì àwọn aláṣọ funfun. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, ó kàn sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti rin ìrìn kó tó dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ẹnì kan wá bá Abdulsobur níbi tó ti ń jó irin, ó ní, "Wọ́n ní Ìyá Hamdalah ti di ara Aládùúrà. Ṣé òótọ́ ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Abdulsobur gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀tún. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó rí bàtà lórí ìlà, ó sì dá ti Mọ̀dínátù mọ̀ láàárín wọn. Ó dúró létí fèrèsé, ó yọjú.

Kò sí àbẹ́là, kò sí agogo, kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró níwájú pátákó pẹ̀lú híjáàbù lórí àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn ọmọ iléèwé sì ń tẹ́tí.

"Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Ìgàndó," ni Mọ̀dínátù ń wí, "ó ń sá ogún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà rí ewúrẹ́ lójú títì. Ó tẹ bíréèkì. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni ọkọ̀ fi rọra dúró. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni ọ̀nà tó rìn kó tó dúró. Ó dára. Ogún ló ń sá tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ títí ó fi di òdo. Àárín ogún àti òdo ni mẹ́wàá. Mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún, àádọ́ta mítà. Bí ewúrẹ́ yẹn bá wà ní ogójì mítà, kí ẹlẹ́wúrẹ́ lọ wá ìkòkò ọbẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abdulsobur náà, kó sì tó mọ̀, ó ti sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé:

"Bí ọkọ̀ yẹn bá di irin kún ẹ̀yìn ńkọ́?"

Mọ̀dínátù yí padà. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Hamdalah?"

Gideon bọ́ síta, ó dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè gidi lẹ bi wá o. Ẹ wọlé ká dáhùn ẹ̀."

Abdulsobur wo ilẹ̀, ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jọ pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà náà, ó tò ó ti bàtà ìyàwó rẹ̀, ó sì wọlé. Ó jókòó sẹ́yìn. Gideon kọ ọ́ sí pátákó fún un: bí ẹrù bá sọ ọkọ̀ náà di ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀, tí agbára bíréèkì kò sì lé sí i, ọ̀nà tí yóò rìn kó tó dúró yóò di ìlọ́po méjì. Ọgọ́rùn-ún mítà.

"Mo mọ̀ ọ́n o," ni Abdulsobur wí, ó ń mi orí. "Lára ni mo mọ̀ ọ́n. Ìgbàkígbà tá a bá kó irin bọ̀, mo máa ń rí i pé ọkọ̀ ò fẹ́ dúró. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kó ṣírò ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá Báyọ̀dé wà níta. Abdulsobur kí i dáadáa. Ó ní, "Ìyá Báyọ̀dé, ibi tí mo ti ń kírun lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé bàtà ni mò ń wọ̀ níbẹ̀?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu òun ló yọ̀, kí wọ́n má bínú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ṣì ń jẹun nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyá wọn bá wà ní Ìkọ̀tún.

Abdulsobur bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Kí ló dé tí géètì tí òun jó mọ́ra láàárọ̀ kútù fi máa ń há bí oòrùn bá ti mú? Mọ̀dínátù ṣàlàyé fún un pé irin máa ń wú bí ó bá gbóná, pé ó gbọ́dọ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Abdulsobur ní ọ̀gá òun ti kọ́ òun pé kí òun máa fi àyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀, òun sì máa ń gbójú fò ó. Mọ̀dínátù wá sọ fún un pé nínú ìwé wọn, wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀lù irin kan àti òrùka kan tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn rẹ̀, pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, àwòrán nìkan ni wọ́n ń wò.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?" ni Abdulsobur béèrè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dé gbọ̀ngàn náà. Ó ti ha bọ́ọ̀lù irin náà dán, ó so ó mọ́ ṣéènì, ó sì jó irin ìdìmú mọ́ ìdí òrùka. Wọ́n dáná èédú sí àgbàlá. Bọ́ọ̀lù tútù kọjá nínú òrùka láìfarakan. Wọ́n tì í bọ iná títí ó fi pọ́n, wọ́n gbé e lé òrùka, ó jókòó sórí rẹ̀ pẹ́ńpẹ́, kò lọ. Gbogbo wọn dúró yí i ká. Ó pẹ́ díẹ̀, irin náà ń dúdú padà, lójijì ló bọ́ gba inú òrùka kọjá, ṣéènì sì dún wọ̀ọ̀. Ariwo tí àwọn ọmọ náà pa mú kí àgbà ìjọ kan nínú aṣọ funfun sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí Abdulsobur tún un ṣe fún àwọn àgbà ìjọ náà. Ó tún un ṣe, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó.

Ìparí ọdún 2010 ni Mọ̀dínátù tún jókòó ṣe ìdánwò. Ẹ̀rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ti mọ ohun tí ìkùnà ń jọ. Lọ́jọ́ ti àfọwọ́ṣe, wọ́n fún wọn ní okùn pẹ̀lú irin kékeré nídìí rẹ̀, kí wọ́n jù ú lọ jù ú bọ̀, kí wọ́n ka iye ìgbà tó fì, kí wọ́n sì wo aago. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣi kíkà, ó ń bẹ̀rẹ̀ padà. Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín sínú. Lójoojúmọ́ ló ń di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, tó ń ka lílù iṣan, tó sì ń wo aago. Okùn yìí kò tilẹ̀ yára tó ti aláìsàn ibà. Ó kà á pẹ̀lú sùúrù, ó gé okùn kúrú, ó tún kà á, ó rí i pé bí okùn ti ń kúrú ni fífì rẹ̀ ń yára sí i. Nínú ti kíkọ, ó rí ìbéèrè kan tó ṣòro. Ó gbé báírò sílẹ̀. Ta ló ń lọ? Kí ni wọ́n sọ fún wa? Kí ni wọ́n fi pamọ́? Lẹ́yìn náà ló tó gbé e.

Èsì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Òun àti Abdulsobur ni wọ́n jọ lọ sí káfẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ìkọ̀tún. Ẹ̀rọ náà ń falẹ̀, ojú ìwé ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Abdulsobur ò mọ èyí tó dára nínú àwọn àmì wọ̀nyẹn, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Mọ̀dínátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló wí?"

"Kírẹ́díìtì ni."

"Físíìsì?"

"Físíìsì, Bàbá Hamdalah. Físíìsì!"

Abdulsobur dìde, ó bọ ẹni tó ni káfẹ́ náà lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ló ṣe ìdánwò. "Alhamdulillah," ló ń wí, "alhamdulillah." Láti ibẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Gideon kọjá. Gideon ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí ilé-ìwé kan tó gbà á síṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Gowon Estate. Nígbà tó gbọ́, ó sáré wọ inú gbọ̀ngàn lọ kọ orúkọ Mọ̀dínátù sójú pátákó gàdàgbà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́ títí òun ó fi lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan gbà á lọ́dún yẹn. Cecilia ló bá a wá bàtà funfun tí yóò wọ̀. Òjò ti ba ọ̀nà Ìjẹ̀gùn jẹ́ láàárọ̀ tó gbéra, ọlọ́kadà kankan kò fẹ́ wọ àdúgbò wọn, nítorí náà Abdulsobur gbé àpótí rẹ̀ lé orí, Hamdalah gbé báàgì, wọ́n sì rìn gba ẹ̀bá ẹrẹ̀ títí wọ́n fi dé títì. Ìyá Báyọ̀dé dúró níwájú ilé, ó ń ṣàdúrà fún un, Mùíz sì di aṣọ obìnrin náà mú.

Mọ̀dínátù ló dàgbà jù nínú kíláàsì tuntun náà, ọdún díẹ̀ péré ni àwọn kan nínú wọn fi ju Hamdalah lọ. Wọ́n pín ètò ẹ̀kọ́ fún wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í wo ti ọjọ́ Ajé, ó ṣe hàà.

"Mummy, ẹ wò ó, físíìsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mọ̀dínátù wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ló wí, ó sún àga rẹ̀ mọ́ tọmọ náà. "Ìtàn ni."